Gbogbo Gọ́ọ̀mù Ni Bárítò

Ọ̀rọ̀ tí ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ sọ fún ọkùnrin tó padà wá fẹ́ ẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn rárá. Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù ṣúmékà, ó nàka sí pátákó tó wà lókè ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ ní láti pa èyí rẹ́."

Ṣúmékà gbójú sókè. Ìṣó méjì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fara balẹ̀ yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ẹ kú ọ̀sán náà, àǹtí. Kí ni pátákó ṣe yín?"

Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé: A Ń TA BÁRÍTÒ ORÍṢIRÍṢI.

"Bárítò kì í ṣe oríṣiríṣi. Ẹyọ kan ló wà. Bàbá mi ló ń ṣe é."

Òótọ́ ló sọ. Ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, bàbá rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Onígọ́ọ̀mù, po gọ́ọ̀mù rọ́bà nínú ìkòkò kan lẹ́yìnkùlé, ó ronú orúkọ kan, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ agolo. Orúkọ náà rìn jìnnà ju bó ṣe rò lọ. Nígbà tí àwọn mìíràn ṣe gọ́ọ̀mù tiwọn jáde, Bárítò náà ni aráyé ń pe gbogbo rẹ̀. Oníbàárà á ní kí wọ́n fún òun ní Bárítò, wọ́n á na agolo ẹlòmíràn sí i, á gbà á, á sì dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ Onígọ́ọ̀mù lọ́kàn bí ikán ṣe ń jẹ igi. Ó tẹ ìwé ìkìlọ̀, ó sì ní kí ọmọ òun máa pín in láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù.

Oṣù mẹ́fà rèé tí ọmọ náà kò rójú jókòó. Bó bá wọ ọkọ̀, etí rẹ̀ á máa ṣọ́ ẹnu àwọn tó jókòó tì í.

Ṣúmékà ka ìwé náà tán. "Wọ́n ní kí n máa kọ 'àlẹ̀mọ́ rọ́bà tó ń yára gbẹ'. Àǹtí, kí n tó pè é tán, oníbàárà á ti délé."

Ọmọbìnrin náà fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. "Ẹ ṣáà pa á rẹ́."

Nígbà tó padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kejì, pátákó ti yí padà: BÁRÍTÒ GIDI ÀTI ÀWỌN ÀBÚRÒ RẸ̀ WÀ NÍBÍ. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà láìmọ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà ló ń gbà.

"Ìfẹ́ mi, jókòó," Ṣúmékà á wí. "Ṣé ẹsẹ̀ rẹ kì í sinmi ni?"

"Bí ẹsẹ̀ bá sinmi, ọkàn ló máa ń rìn."

Láìpẹ́, wàhálà dé. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe irú gọ́ọ̀mù yẹn kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń forúkọ ọjà sílẹ̀. Wọ́n ní Bárítò ti di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé, kò yẹ kó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo mọ́. Ọ́fíìsì náà dá ọjọ́ tí wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ṣúmékà wá sílé Onígọ́ọ̀mù láti tọrọ ọmọbìnrin náà.

Onígọ́ọ̀mù fún un ní omi tútù. "Ìwọ ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ṣúmékà, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. Wá jẹ́rìí fún mi. Sọ fún wọn pé bí ẹ̀yin ṣúmékà bá ti ní Bárítò, agolo tèmi nìkan lẹ ń wí. Bí o bá ti sọ ọ́ tán, kí àwọn ẹbí rẹ máa bọ̀."

Ṣúmékà gbé ife omi sílẹ̀, ó dìde, ó sì dágbére. Ọmọbìnrin náà wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó bá a ní ṣọ́ọ̀bù. "Gbólóhùn kan péré ni. Sọ ọ́, ká máa bá ayé wa lọ."

"Irọ́ ni."

"Irọ́ kékeré ni."

"Àyànfẹ́ mi, bí mo bá fi irọ́ fẹ́ ọ, lọ́jọ́ tí mo bá ní mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, kí lo máa fi mọ̀ pé òótọ́ ni?"

"O ò ṣáà fẹ́ mi tó," ó wí, ó sì jáde. Ó rin òpópónà mẹ́ta kó tó mọ̀ pé òun ń sunkún.

Nígbà tí ẹjọ́ ku ọ̀la, Onígọ́ọ̀mù ń to ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sórí tábìlì láàárọ̀. Èèpo fáìlì tó kó wọn sí ya. Kò gbójú sókè. "Bá mi mú Bárítò wá nínú yàrá mi."

Ọmọ rẹ̀ lọ mú un wá. Onígọ́ọ̀mù fi lẹ èèpo náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ìgbà yẹn ni ojú ọmọbìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sára ìgò náà. Gọ́ọ̀mù ìwé ni, funfun báláú, tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù ìwé, orúkọ ilé iṣẹ́ mìíràn sì wà lára rẹ̀. Bárítò tiwọn ki, ó sì pọ́n. Bó bá kan ìwé, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn. Nígbà tó lọ mú un, kò tilẹ̀ bi bàbá rẹ̀ léèrè èwo ló fẹ́.

"Bàbá," ó ní jẹ́jẹ́, "kí lẹ ní kí n mú wá?"

"Mo ní Bárí..." Ó wo ìgò náà pẹ́. "Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ," ó wí nígbẹ̀yìn.

Kò lọ síbi iṣẹ́. Eré ló sá dé ọ̀dọ̀ Ṣúmékà. "Má parọ́," ó wí láìtíì mí délẹ̀. "Ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi sọ̀rọ̀ yẹn. Sọ òótọ́, màá dúró tì ọ́." Ṣúmékà di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, wọ́n pe Ṣúmékà, wọ́n bi í léèrè èwo ni àwọn ṣúmékà ń pè ní Bárítò. "Gbogbo ẹ̀ la ń pè ní Bárítò, sà," Ṣúmékà dáhùn. "Ti Bàbá, ti àwọn tó kù, gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é."

Wọ́n gba orúkọ náà lọ́wọ́ Onígọ́ọ̀mù. Ó kọjá lára Ṣúmékà bí ẹni kọjá lára ògiri. Nílé, ó ní, "Ẹni tó bá wọn gba orúkọ mi kò ní gba ọmọ mi." Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, àbúrò rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, etí ikún ló kọ sí gbogbo wọn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá. Ọmọbìnrin náà kò tún rójú jókòó mọ́. Fèrèsé tó mọ́ ló tún ń nù.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, òun àti Ṣúmékà wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí Onígọ́ọ̀mù wọlé. Wọ́n kí i. Ó mi orí, ó sì jókòó.

Obìnrin kan yà wọlé pẹ̀lú báàgì ọ̀rá tó ya. "Ẹ fún mi ní Bárítò."

Ṣúmékà nawọ́ sí pẹpẹ tí àwọn agolo gọ́ọ̀mù wà. Ó wo Onígọ́ọ̀mù. Onígọ́ọ̀mù wo báàgì náà, ó fọwọ́ pa á wò.

"Ọ̀rá ni. Tèmi kì í mú ọ̀rá dáadáa." Ó na ìka sí agolo àwọn tó pè é lẹ́jọ́. "Fún un ní Bárítò tó wà lápá òsì yẹn."

Obìnrin náà dúpẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Onígọ́ọ̀mù wúkọ́, ó sì kọjú sí Ṣúmékà.

"Ọjọ́ wo ni àwọn ẹbí rẹ ń bọ̀?"