Àsè Kérésìmesì Nílé Aṣọ́lé

Ìwọ tí wọ́n fún ní ìwé yìí lẹ́nu ọ̀nà ọjà tàbí ní rélùwéè, má tíì ká a sápò. Jókòó díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó ṣe ohun búburú, tí kò sì dùn ún, ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Jacob Àtàndá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ẹdẹ ni. Ní ọdún 1957, òun ni aṣọ́lé àti balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé-iṣẹ́ kan tó ń ra kòkó ní ìlú náà. Nítorí bọ́ọ̀lù gan-an ni wọ́n ṣe gbà á síṣẹ́. Àwọn ẹlòmíràn ń wọn kòkó. Àtàndá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì ń gbowó oṣù. Bí ó bá ń kọjá lọ, àwọn ènìyàn á máa kí i pé, "Ọwọ́ irin!" Orí rẹ̀ á sì wú.

Ká sọ òtítọ́, ọwọ́ rẹ̀ dára. Ọ̀fun rẹ̀ ni kò dára.

Lọ́dún yẹn, ìdíje ife bọ́ sí àsìkò ọyẹ́, wọ́n sì fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Ẹdẹ àti Òṣogbo sí ọjọ́ kejì Kérésìmesì. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ pe Àtàndá, ó ní kí àwọn agbábọ́ọ̀lù má ṣe àsè kankan títí ìdíje yóò fi parí. Ó ní ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun kò gbọdọ̀ ti ìdí ọtí bọ́ sórí pápá.

Àtàndá rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ ká sún ọjọ́ ìbí Jésù síwájú ni?"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà ìkórè ọdún tó kọjá! Jésù kò sí lọ́kàn rẹ̀ rárá. Orúkọ Jésù ló fi ń bo ìgò mọ́lẹ̀.

Wọ́n ṣe àsè náà. Lọ́jọ́ Kérésìmesì, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo agbábọ́ọ̀lù péjọ sí àgbàlá Àtàndá. Abọ́sẹ̀dé ìyàwó rẹ̀ se ìrẹsì, ó pa àkùkọ. Títí dé ibẹ̀, kò sóhun tó burú. Ṣùgbọ́n Àtàndá ní àṣà kan. Á gbé ife fàdákà tí ẹgbẹ́ náà gbà lọ́dún tó ṣáájú jáde, á da ògógóró kún un, á ní kó máa yí ká. Ẹni tí kò bá mu níbẹ̀ kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́.

Nígbà tí ife dé ọ̀dọ̀ Bùràímọ̀, tó ń gbá iwájú, ó gbé e kọjá. Kò sẹ́ni tó bi í. Ìmàle ni, ìrẹsì ló bá wọn wá jẹ. Ife dé ọ̀dọ̀ Olúgbénga, ọ̀dọ́mọkùnrin Onítẹ̀bọmi láti Alajue, tó máa ń gbá ẹ̀yìn nítòsí Àtàndá. Òun náà gbé e kọjá.

Ojú Àtàndá le. "Ìmàle kò mu, a gbọ́. Ìwọ tí o lọ́dún ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n," ni Olúgbénga wí. "Nítorí pé mo lọ́dún náà ni mi ò ṣe ní mu."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àtàndá ní, "Ó dáa, màá bá ọ mu tìrẹ." Ó gbé ife náà sẹ́nu, kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ó fi gbẹ. Lẹ́yìn náà, ó tún bu òmíràn.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn mú, ọyẹ́ sì gbẹ ètè àwọn òǹwòran. Ojú Àtàndá ṣì ń ṣe bàìbàì. Bọ́ọ̀lù kan ti ọ̀tún wá, Olúgbénga ti dé ìdí rẹ̀, ó fẹ́ gbá a dànù. Àtàndá rí bọ́ọ̀lù, kò rí ènìyàn. Ó sáré jáde, ó fò, ó fi gbogbo ara bọ́ lé ẹsẹ̀ ọmọ náà. Àwọn tó wà létí pápá gbọ́ ìró eegun.

Olúgbénga kò ké. Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Bùràímọ̀ àti àwọn yòókù gbé e lé pátákó, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ teguntegun.

Ilé-iṣẹ́ yọ Àtàndá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Teguntegun ṣe ohun tó lè ṣe, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò tọ́ mọ́. Wọ́n gbé Olúgbénga padà sí Alajue.

Ohun tó ya Àtàndá lẹ́nu nìyí: kò dùn ún. Ó dúró kó dun òun, kò dùn ún. Abọ́sẹ̀dé sunkún, ó ń wò ó. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, ó jẹ ẹ́, kò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀. Ọtí pàápàá kò pa á mọ́. Wọ́n bú u lójú ọ̀nà, ó kí wọn, ó kọjá. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi kan, àlùfáà wàásù ìrònúpìwàdà, àwọn kan ń nu ojú. Àtàndá jókòó síbẹ̀ bí àpótí. Ó wí lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹni tí kò lè sunkún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, Ọlọ́run ti kọ̀ ọ́ nìyẹn. Ìyẹn nìkan ló bà á lẹ́rù díẹ̀.

Abọ́sẹ̀dé ló ní kó lọ sí Alajue. "Ẹ lọ wò ó. Bí ẹ ò bá rí ọ̀rọ̀ sọ, ẹ jókòó tì í."

Ó bá Olúgbénga lórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n kíra wọn.

"Mo wá bẹ̀ ọ́ ni," ni Àtàndá wí. "Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún ọ. Inú mi gbẹ. Bí mo bá ní ó dùn mí, irọ́ ni."

Olúgbénga ní, "Èmi náà ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀gbọ́n. Mò ń gbàdúrà kí n lè dárí jì yín. Lónìí á ṣeé ṣe, lọ́la inú á tún bí mi. Olúwa ṣì ń bá mi ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi ṣẹ́, ṣé ẹ gbọ́ kí n ké?"

"Rárá."

"Kò dùn mí nígbà náà. Ṣe ni ẹsẹ̀ kàn kú síbẹ̀. Ṣé Bùràímọ̀ wá dúró kó dùn mí kó tó gbé mi?"

Àtàndá mi orí pé rárá.

"Ẹni tí ò tíì dùn gan-an ló yẹ kí wọ́n yára gbé. Ẹ ń dúró de ẹkún kẹ́ ẹ tó wá sọ́dọ̀ Jésù. Ta ló sọ fún yín pé ẹkún ni owó ibodè? Òun ló kú fún ẹlẹ́ṣẹ̀, tó sì jíǹde. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń wẹni mọ́, kì í ṣe omijé. Ẹ wá bẹ́ ẹ ṣe wà."

Àtàndá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní náà. Àdúrà rẹ̀ kúrú. "Jésù, èmi Àtàndá ọ̀mùtí nìyí. Mo ṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́sẹ̀, kò sì dùn mí. Dárí jì mí. Gbé mi."

Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ara rẹ̀ kò gbọ̀n, ìmọ́lẹ̀ kankan kò tàn. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó rìn padà sí Ẹdẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé ọkọ́, ó padà sí Alajue, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro oko Olúgbénga, nítorí ẹni tó ni oko kò lè dúró. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ lójoojúmọ́. Kò fẹnu kan ọtí mọ́. Ìyẹn nìkan ni àmì tó rí.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ń kọ ebè lọ́wọ́, ó gbọ́ ohùn lẹ́yìn rẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n." Olúgbénga ni, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò rìn dé oko. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ó sì gbé iṣu sísun dání fún ẹni tó ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ Àtàndá. Ó dùn ún. Ó dùn ún débi pé kò lè dúró mọ́; ó jókòó sórí ebè, ó sunkún bí ọmọdé. Olúgbénga jókòó tì í.

Kérésìmesì tún dé. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wá bi Àtàndá, balógun wọn àtijọ́, bóyá ó yẹ kí àwọn ṣe àsè nígbà tí ìdíje ń lọ lọ́wọ́.

Ó ní, "Ẹ jẹ ìrẹsì yín lẹ́yìn ìsìn, kẹ́ ẹ tètè lọ sinmi. Ọtí ni kẹ́ ẹ má gbé síbẹ̀, ìdíje wà o, kò sí o. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi mí nìyẹn."

Wọ́n ní, "Kí wá ni?"

Ó ní, "Ẹ bi mí bóyá mo ti mọ Ẹni tí wọ́n bí."

Ìwọ tí ò ń kà á, ìwọ ńkọ́? Bóyá o kò gbá bọ́ọ̀lù rí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí o ṣe lọ́ṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì ti pẹ́ lọ́kàn rẹ tó bẹ́ẹ̀ tí kò dùn ọ́ mọ́. Ìwàásù ń kọjá létí rẹ. O ní ọjọ́ tí ọkàn rẹ bá rọ̀ ni wàá yí padà.

Ọ̀rẹ́, eegun tó ṣẹ́ kì í to ara rẹ̀. Bí o bá ń dúró, yóò jinná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní wíwọ́ ni. Bí ẹkún kò bá wá, má fipá sun ún. Sọ orúkọ rẹ fún Jésù, sọ ohun tí o ṣe, kí o sì jọ̀wọ́ ara rẹ fún un. Má sọ pé ó dọ̀la. Níbi tí o wà yìí ni kí o ti ṣe é, lónìí.