Ìyeyè Tó Hù Lójú Ọgbà

Ewúrẹ́ ló wà léjìká ọkùnrin náà nígbà tí Rọ̀kíbátù kọ́kọ́ rí i. Ó di ẹsẹ̀ ẹran náà mú níwájú àyà, òógùn bo ojú rẹ̀, ó sì ń bá a wí jẹ́jẹ́ bí ẹni pé àbúrò rẹ̀ ni. Oko Rọ̀kíbátù ní Pọ́ka, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, ló ti ń gbé e jáde.

"Ẹ má bínú, sístà. Ó ti jẹ mẹ́tàdínlógún kí n tó bá a."

Ọkùnrin náà ti kà á. Ẹ̀rín pa Rọ̀kíbátù láàárọ̀ tó yẹ kó sunkún. Ọsàn wẹ́wẹ́ ló gbìn yí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ká, kí ẹ̀gún wọn lè di ọgbà tí ẹran kò ní lè gbà kọjá. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí ewúrẹ́ jẹ ẹ́ kí ẹ̀gún tó yọ.

Mubashir lorúkọ ọkùnrin náà. Ọmọ Ìwó ni, ó gba yàrá kan ní Lásúnwọ̀n ní Ìkòròdú, ọgbà ló máa ń bá àwọn àgbẹ̀ ṣe; oko ẹ̀gbẹ́ ló wá ṣiṣẹ́ sí lọ́jọ́ náà. Rọ̀kíbátù ní kó ṣe ọgbà dáàbò bo àwọn ọ̀gbìn náà títí wọ́n á fi lágbára.

Gbogbo Sátidé ló ń wá. Rọ̀kíbátù gbé ìkọ́kọrẹ́ fún un lọ́jọ́ kan, Mubashir bi í bóyá wọ́n gbàgbé láti gún iṣu náà ni. Ó jẹ ẹ́ tán, ó sì lá abọ́. Kó tó pẹ́, ó sọ fún un pé tí Iléyá bá ti kọjá, àwọn èèyàn òun á wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Ọparun tó kọ́kọ́ lò, ikán jẹ ẹ́ nídìí láàárín oṣù kan. Rọ̀kíbátù tọ́ka sí igi ìyeyè kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó ní kó gé ẹ̀ka rẹ̀ ní tútù, pé ikán kì í fẹ́ igi tútù.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Àbí ìwọ lo nilẹ̀ ni? Gé e, jàre."

Ó gé e, ó fi ṣe òpó ọgbà. Òjò rọ̀, gbogbo òpó ọgbà náà sì yọ ewé.

Bàbá Ṣàmsúdéènì, bàbá Rọ̀kíbátù tó ni ilẹ̀ náà, ló rí i. Ládùúgbò wọn, àlejò kì í gbin igi eléso sórí ilẹ̀ onílẹ̀, nítorí bí igi náà bá ti dúró, àlejò ti lẹ́nu ọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ nìyẹn. Ọdún mọ́kànlá ni bàbá yìí fi ṣẹjọ́ nítorí igi obì mẹ́fà tí àlejò kan gbìn. Ìdajì ilẹ̀ ló bá a lọ.

"Ta ló gbin èyí?"

"Èmi ni, sà," ni Mubashir wí.

Rọ̀kíbátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fa koríko nídìí ẹ̀gẹ́. Bàbá ní kó má tẹ ilẹ̀ àwọn mọ́ láé. Mubashir dọ̀bálẹ̀, ó mú àdá rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tí Rọ̀kíbátù pè é lórí fóònù, Mubashir ní kó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. "Tí wọ́n bá mọ̀ pé ìwọ ni, wọ́n á gba oko yẹn. Òun lo fi ń jẹun."

Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, oúnjẹ kò wọ Rọ̀kíbátù lẹ́nu. Ní ọjọ́ kẹwàá, lẹ́yìn ìrun àsùbá, ó lọ kúnlẹ̀ níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń tún àwọ̀n ṣe.

"Bàbá, èmi ni mo ní kó gé ìyeyè. Ó bi mí léèrè, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ sì ń lé e, mo dákẹ́."

Ọwọ́ bàbá dúró lórí àwọ̀n. Rọ̀kíbátù ti ń retí kó sọ pé òun gba oko.

"Ṣé ìwọ lo ní kó gbìn ín?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ọmọ mi ló gbin igi sórí ilẹ̀ mi. Mo wá lé ọmọ ọlọ́mọ lọ." Ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti rí ewé yẹn, oorun òun kò pé. "Pè é fún mi."

Bàbá bẹ Mubashir lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ló bi í bóyá àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ìwó mọ ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ó sì na fóònù sí ọmọ rẹ̀.

"Rọ̀kí mi," ni Mubashir wí, "ṣé kí wọ́n wá?"

"Kí wọ́n wá lọ́jọ́ Àìkú yìí. Mi ò lè dúró di Iléyá mọ́."

Ó jókòó sórí àwọ̀n bàbá rẹ̀, ó sunkún títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bàbá kò ní kó dìde.