Yàrá Tí Wọ́n Bí Ejò Náà Sí

Dúró ná, ìwọ tó ń ka ìwé yìí. Gbé fóònù ọwọ́ rẹ kalẹ̀, kí o sì fetí sílẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà níbí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ọkùnrin kan wà tó ń gé gíláàsì, Onígíláàsì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá lẹ́nu iṣẹ́: bó bá fi èékánná ta gíláàsì, ìró rẹ̀ nìkan ti tó láti sọ fún un bó bá ti sán. Onígbàgbọ́ ni, àmọ́ ojú ló kọ́kọ́ kó bá Éfà, ojú náà ló kó bá òun. Ó rí àwọn kan lórí fóònù tí wọ́n gbé ejò kọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i. Kó tó wá ẹni tí yóò ta ejò kan fún un rárá, ó ti ṣe àpótí gíláàsì tí ejò náà yóò máa gbé, ó gbé e sí yàrá tí Bíńtín, ọmọ rẹ̀ obìnrin ọlọ́dún mẹ́rin, ti máa ń ṣeré.

Bó ṣe nu àpótí náà tán báyìí ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù rẹ̀: “Ejò yín ti wà nílẹ̀.”

Kò tíì béèrè ejò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní fóònù òde òní mọ inú èèyàn ju ìyàwó ẹni lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹni náà dúnàádúrà.

Ọ̀sán Sátidé ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá kí wọn. Ẹni ààwẹ̀ àti àdúrà ni, ó sì ti bá dókítà ẹranko ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án. Onígíláàsì fi àwòrán ejò tí ẹni náà fi ránṣẹ́ hàn án: ejò funfun kan, ojú pupa.

“Ajá ti tán láyé ni?” ni ẹ̀gbọ́n wí.

“Àǹtí, kò lóró o.”

“Ta ló sọ fún ẹ?”

“Ẹni tó ń tà á.”

“Èyí tó wà nínú ọgbà Édẹ́nì náà kò kúkú ní òun lóró.”

Ìyàwó Onígíláàsì bú sẹ́rìn-ín níbi tó ti ń ká aṣọ. “Ẹ bá mi bá a wí, Àǹtí. Èmi ni wọ́n máa ní kí n máa wá eku kiri.”

Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. “Ẹni tó bá ń sin ẹran lóòótọ́ kì í bò ó. Á fi ìyá ẹ̀ hàn ẹ́, á fi ibi tí wọ́n bí i sí hàn ẹ́, á sọ ìgbà tó jẹun kẹ́yìn. Òun gan-an á máa bi ẹ́ bóyá o mọ ìtọ́jú ẹ̀. Eléyìí bi ẹ́ ní nǹkan kan?”

“Ó bi mí.” Onígíláàsì họ ọrùn. “Ó ní ọmọ mélòó ló wà nílé.”

Ìyàwó rẹ̀ dáwọ́ aṣọ kíká dúró.

“Ní kó fi ìyá ẹ̀ hàn ẹ́,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Báyìí báyìí.”

Onígíláàsì tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ta ejò. Kò tíì gbé fóònù kalẹ̀ tí èsì fi dé, àwòrán ni. Ejò kan tó ki bí itan àgbàlagbà ló ká jọ sórí pákó eléruku. Ó tún béèrè ibi tí wọ́n bí ọmọ rẹ̀ sí. Àwòrán kejì wọlé.

Yàrá kan ni. Àpótí gíláàsì wà lẹ́bàá ògiri. Ọmọbìnrin kan jókòó sílẹ̀, ó kọ̀yìn, ó wọ aṣọ aláwọ̀ ìyeyè, bọ́tìnnì kan ṣí lẹ́yìn rẹ̀. Láti òkè ni wọ́n ti yà á.

“Ṣé ẹ̀yin lẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i?” Ìyàwó rẹ̀ na ìka sí àwòrán náà.

“Mi ò ya yàrá yẹn rí.”

“Dádì Bíńtín, àárọ̀ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ aṣọ yẹn fún un.”

Onígíláàsì rọra lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí ọmọ náà ti ń ṣeré, ó na ọwọ́. “Bíńtín, máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi.”

“Ẹ dúró ná, Dádì. Wọ́n ní kí n má tíì mira.”

“Ta ló ní bẹ́ẹ̀?”

“Màmá tó wà lókè.”

Ẹ̀gbọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ Jésù, jẹ́jẹ́, láìdánudúró. Ọkùnrin náà kò gbójú sókè. Ó wọlé, ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, nǹkan gbígbẹ kan sì ń wọ́ lórí pákó òkè kọ́bọ́ọ̀dù yàrá náà bó ṣe ń fẹ̀yìn rìn jáde. Aṣọ ọrùn wọn ni wọ́n fi kúrò nínú ilé yẹn.

Àwọn aládùúgbò tó padà lọ wo ilé náà kò bá ejò kankan. Èèpo ẹyin méje ni wọ́n bá lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó rọ̀ bí awọ, gbogbo rẹ̀ ló ti ṣí. Nígbà tí wọ́n sì wá sọ fún un, àtẹ̀jíṣẹ́ ìkẹyìn ti wà lórí fóònù Onígíláàsì: “Ẹ má ṣèyọnu. Àwọn méjèèje ti rí ilé míì.”

Ìwọ tí ìka rẹ wà lórí bọ́tìnnì lónìí, tí o ń bá ẹni tí o kò rí sọ̀rọ̀ ejò, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má tẹ̀ ẹ́. Bó o bá gbọ́dọ̀ sin ẹran, fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn dé ilé ẹni tó ń sìn ín, kí o rí ojú rẹ̀, kí o rí ìyá ẹran náà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun ló kọ́kọ́ wá ọ kàn, pa fóònù náà, gbé ọmọ rẹ, kí o sì yípadà.