Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Nínú Ìdánwò

Bí obìnrin náà ṣe já wọ kíláàsì, gègé pupa bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀. Orí àga ọmọdé ló wà, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, ìwé ìdánwò sì kún iwájú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà, ojú rẹ̀ le koko, síbẹ̀ ó rẹwà débi pé ọkùnrin náà gbàgbé láti mú gègé rẹ̀ nílẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ fún gbogbo kíláàsì mi ní òdo?"

"Ẹ kú ọ̀sán, Tíṣà..."

"Ọ̀sán wo? Ẹ dá mi lóhùn!"

Tíṣà kọ̀ǹpútà ni obìnrin náà. Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ló rán ọkùnrin náà wá láti wò ó bóyá àwọn ọmọ mọ ìwà tó yẹ kí wọ́n máa hù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè tó dá wàhálà sílẹ̀ nìyí: "Ọ̀rẹ́ rẹ fún ọ ní àwòrán rẹ̀. Ṣé wàá pín in fún àwọn yòókù?" Gbogbo ọmọ ló kọ bẹ́ẹ̀ ni. Ni ọ́fíìsì bá ní aláìmọ̀wàáhù ni wọ́n, kí wọ́n ti yàrá kọ̀ǹpútà wọn pa. Ẹ wá wo ìwọ̀sí! Yàrá tí obìnrin yìí ń fọwọ́ ara rẹ̀ nù láràárọ̀.

Ó pe ọmọbìnrin kékeré kan wọlé. "Sọ fún wọn, kí ló dé tó o fi kọ bẹ́ẹ̀ ni?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Mọ́mì mi ní tí wọ́n bá fún mi ní nǹkan, kí n má dá a jẹ, sà."

"Tó bá jẹ́ fọ́tò ọ̀rẹ́ ẹ níbi tó ti ń sunkún ńkọ́? Ṣé wàá máa fi ránṣẹ́ káàkiri?"

"Háà! Láì bi í? Ìyẹn ò dáa rárá, mà."

Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ ìwé. Òun fúnra rẹ̀ ló túmọ̀ ìbéèrè yẹn láti èdè Gẹ̀ẹ́sì, tó fi "pín" túmọ̀ "share", ó tiẹ̀ ti fi ṣe fáàrí. Ojú tì í gidigidi.

"Ẹ̀bi mi ni," ó ní.

"Mo mọ̀ pé ẹ̀bi yín ni. Ẹ wá tún un ṣe."

Àwọn méjèèjì jọ jókòó tún ìbéèrè náà kọ láti ọjọ́ kejì lọ. Bí ọkùnrin náà bá ka èyí tó kọ jáde, obìnrin náà á bú sẹ́rìn-ín: "Olùyẹ̀wò mi, ta ló ń sọ̀rọ̀ báyìí nílé yín?" Kí wọ́n tó parí rẹ̀, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Ṣùgbọ́n ìyá ọkùnrin náà ni ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì ọ̀hún. Òun ló ń buwọ́ lu èsì ìdánwò. Ọkùnrin náà lọ sọ fún un pé òun fẹ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe náà nípàdé ọ́fíìsì.

"Ṣé torí obìnrin lo ṣe fẹ́ dójú tì mí?" ìyá náà pariwo. "Tó o bá sọ ọ̀rọ̀ yìí nípàdé, má mú obìnrin náà wá sílé mi!"

"Mọ́mì, èmi ni mo ṣàṣìṣe. Àwọn ọmọ ò ní jìyà ẹ̀."

Ó dìde nípàdé, ó sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Àbí kí ló kù? Àgbà ṣàṣìṣe, ẹ ní kí wọ́n na ọmọdé? Wọ́n tún ìdánwò náà ṣe, àwọn ọmọ sì yege. Ìyá buwọ́ lù ú, wọn ò ti yàrá náà pa mọ́, ṣùgbọ́n ìyá náà kò dá Tíṣà lóhùn nígbà tó kí i.

"Mo kúnlẹ̀ kí wọn o!" Tíṣà ń fi ìbínú nu kọ̀ǹpútà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Wọ́n fẹ́ fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ, àwọn náà ló tún ń bínú!"

"Olólùfẹ́ mi, jọ̀ọ́, fẹ́ mi."

"Nínú ìbínú yìí?"

"Nínú ẹ̀ gan-an."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin náà, ọkùnrin náà sì fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi fọ́tò náà hàn án.

"Ṣé o gbà kí n fi ránṣẹ́ sí Mọ́mì?"

Obìnrin náà wo fọ́tò náà dáadáa, ó nu ojú rẹ̀.

"Fi ránṣẹ́. Kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ìyàwó ẹ nìyí. Kọ ọ́ kó yé wọn o, kó má ní ìtumọ̀ méjì."