Ta Ló Fọwọ́ Kan Ọkọ̀ Má-fọwọ́-kàn-án?

Bí ẹ bá gbọ́ ìró omi lójú ọ̀nà wa láàárọ̀ Sátidé, ẹ má wulẹ̀ yọjú. Òjò kọ́. Má-fọwọ́-kàn-án ló ń wẹ ọkọ̀ rẹ̀.

Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn o. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi fa orúkọ náà sọ́rùn. Ọmọdé fara ti ọkọ̀: "Má fọwọ́ kàn án!" Àlejò na ìka sí gíláàsì: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án!" Ìyàwó rẹ̀ gbé àpò lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ó lè wá kọ́kọ́rọ́ ilé: "Ìyá wọn, ṣé tábìlì nìyẹn ni?" Bí àdúgbò ṣe fi orúkọ náà mọ́ ọn lára nìyẹn.

Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Kótíìnì ló ń rán, ó sì ti fi orí ru ìdì aṣọ kiri ilé àwọn oníbàárà rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ kí ó tó ní ọkọ̀. Nígbà tí ó rà á, ó ní kí riwáyà, ìyẹn ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, bá òun fi àláàmù sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣí ọkọ̀ náà láìní kọ́kọ́rọ́, kí ó figbe ta. Ìyẹn dára. Ohun tí a bá fẹ́ràn là ń ṣọ́.

Àfi bí àláàmù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ké láìsí ẹni tó ṣe é ní nǹkan kan.

Wíìù! Wíìù! Wíìù! Ó ń ké bí wọ́n ṣe ń jẹun àárọ̀. Ó ń ké bí oníbàárà ṣe ń yan aṣọ lọ́wọ́. Má-fọwọ́-kàn-án á sáré jáde tòun ti àlùmọ́gàjí, téèpù tó fi ń wọn aṣọ á máa fì lọ́rùn rẹ̀. Kò ní bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọkọ̀ á kàn dúró síbẹ̀ nínú oòrùn, á máa dán.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, bí ó ṣe gbójú sókè, ó rí i tí kótíìnì fèrèsé òǹtàwé tó ń gbé ní ọ̀ọ́kán ilé rẹ̀ mì. Òun fúnra rẹ̀ ló rán kótíìnì yẹn. Ó mọ bó ṣe ń mì bí atẹ́gùn bá fẹ́ ẹ, ó sì mọ bó ṣe ń mì bí ènìyàn bá fà á. Èyí kì í ṣe atẹ́gùn.

Ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ṣé kì í ṣe òǹtàwé yìí ló wá bẹ̀ ẹ́ lóṣù tó kọjá pé kí ó bá òun fi ọkọ̀ kó páálí ìwé lọ sí ilé-ìwé kan? Òun sì dá a lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, páálí máa ń ha àga." Òǹtàwé rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò burú, àbúrò. Ọkọ̀ náà á tọ́jọ́ o." Nígbà yẹn, àdúrà ló pè é. Ní báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọ̀rọ̀ náà wò bí ẹni tó ń wá ihò lára aṣọ. Kí ló dé tó fi ní ọkọ̀ á tọ́jọ́? Ta ló bi í?

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Ọkùnrin yẹn ló ń fọwọ́ kan ọkọ̀ mi."

Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ. Kò gbójú sókè. "Bàbá wọn, ẹ gbé ọkọ̀ lọ fún riwáyà."

"Riwáyà wo? Ẹni tó so àláàmù mọ́ ọn? Ta ló mọ̀ bóyá òun ló ń tẹ̀ ẹ́ láti ilé rẹ̀, kí n lè tún wá pè é síṣẹ́?"

"Ẹ̀ẹ́n. Ṣé òǹtàwé ni àbí riwáyà?"

"Wọ́n lè jọ mọ̀ sí i."

"Èmi náà ńkọ́? Ṣé n kò sí nínú wọn?"

Má-fọwọ́-kàn-án wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ó mà ń rò ó o!" Ìyàwó rẹ̀ ju aṣọ sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ó ti rí i pé ọkọ òun kì í dá òǹtàwé lóhùn mọ́ bí ó bá kí i, ó sì ń dùn ún. Ìyàwó òǹtàwé ló jókòó tì í nílé ìwòsàn nígbà tó bí àbíkẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin náà ni ara rẹ̀ kò wá yá báyìí.

"Ìfura loògùn àgbà," ọkọ rẹ̀ sọ. "Onílé tí kò bá fura, olè ni yóò kó o. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà. Kò jìnnà sí wa."

Ìyàwó kò bá a jiyàn mọ́. Ó wọ yàrá, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lórí fóònù. Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n yìí ni kí ó máa kọ́ ènìyàn ní ọkọ̀ wíwà, ó sì wà lára àwọn tó ń kéde ètò ààbò fún àwọn àdúgbò. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà wá wò," ó ní. "Ọkọ̀ ló ń ké, ṣùgbọ́n ọkọ mi ni kò gbádùn."

Ẹ̀gbọ́n ní òun á dé lọ́sàn-án Sátidé.

Láàárọ̀ Sátidé náà, Má-fọwọ́-kàn-án wẹ ọkọ̀ rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó da omi sí ẹ́ńjìnnì, ó fọ ibẹ̀ títí ó fi ń dán. Ó rọra gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì padà sílẹ̀, ó tan àláàmù, ó wọlé. Ó fa àga sẹ́yìn kótíìnì, ó ń yọjú níbi etí rẹ̀. Ó ti pinnu pé lónìí, òun á mú un.

Bí oòrùn ọ̀sán ṣe ràn gan-an ni àláàmù figbe ta. Wíìù! Wíìù! Má-fọwọ́-kàn-án kò jáde. Ó ń wò.

Ilẹ̀kùn ọ̀ọ́kán ṣí. Òǹtàwé jáde pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọjá títì ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n lójú Má-fọwọ́-kàn-án, olè tó ń wò bóyá ẹnì kan ń bọ̀ ni. Òǹtàwé rìn tààrà lọ síwájú ọkọ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, igbe àláàmù sì dá.

"Olè!" Má-fọwọ́-kàn-án fò jáde. "Olè o! Mo ti mú un! Olè!"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ náà kéré lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe. Ilẹ̀kùn tí kò ṣí nígbà tí àláàmù ń ké ní gbogbo ọ̀sẹ̀ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Wẹ́dà tó ń jó irin ní ìkángun òpópónà sáré dé tòun ti ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì gbá òǹtàwé lọ́rùn aṣọ mú. Ṣẹ́ẹ̀tì ya: fààà! Ẹnì kan ní kí wọ́n mú okùn wá. Ẹlòmíràn tí kò tilẹ̀ mọ ohun tó sọnù ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé bíríkì.

Àwọn tó mọ òǹtàwé wà níbẹ̀, àwọn tó ti ra ìwé fọ́mọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú wọn kàn ń ṣe bákan, wọn kò sọ̀rọ̀.

"Ẹ gbọ́ mi ná," òǹtàwé ń wí. Kò sí ẹni tó gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ di férémù ilẹ̀kùn mú ní ọ̀ọ́kán, ó ń sunkún: "Ẹ má pa á fún mi! Ọkọ mi kì í ṣe olè!"

Má-fọwọ́-kàn-án rí bíríkì yẹn. Kì í ṣe ohun tó fẹ́ nìyí. Ó fẹ́ kí wọ́n bi í léèrè ni, kí ojú tì í díẹ̀. Ó na ọwọ́, ó ní, "Ó tó, ẹ rọra," ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò ga tó ti àkọ́kọ́.

Ohùn kan ga ju gbogbo wọn lọ. "Ẹ gbé bíríkì yẹn sílẹ̀!"

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ló dé. Ẹni tó ń pariwo "Bíréèkì!" mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ awakọ̀ lójoojúmọ́, kò ní kọ́ bí wọ́n ṣe ń kígbe lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó wọ àárín wọn, ó dúró síwájú òǹtàwé. Ó ní kí gbogbo wọn kúrò nídìí ọkọ̀, wẹ́dà sì fa òǹtàwé dé ẹ̀gbẹ́ kejì títì, kò fi í sílẹ̀.

"Kí ló jí?" obìnrin náà bèèrè.

Gbogbo ojú yí sí Má-fọwọ́-kàn-án.

"Ó… ó fọwọ́ kàn án," ó ní.

"Mo ní, kí ló jí?"

Kí ó tó ya ẹnu, wíìù! Wíìù! Wíìù! Àláàmù tún ké.

Ẹ wò ó, kò sí ẹ̀dá kankan nídìí ọkọ̀. Òǹtàwé wà lọ́wọ́ wẹ́dà ní ẹ̀gbẹ́ kejì títì. Riwáyà kò sí nítòsí. Ìyàwó ilé wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ lé orí. Wẹ́dà wo ọkọ̀, ó wo òǹtàwé, ó wá rọra tú ìka rẹ̀ kúrò lọ́rùn aṣọ. Ẹni tó gbé bíríkì gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Àna mi," ẹ̀gbọ́n ìyàwó ní, "ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Ó pa àláàmù, ó sì fi ìka kan ṣoṣo ti bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó mì. Kò wọlé dáadáa. Ó ṣí i, ó wá fi bọ́tìnnì kékeré kan hàn wọ́n létí ibi tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ti ń pàdé ara ọkọ̀. Omi wà lára rẹ̀, ó sì ti dípẹtà.

"Bọ́tìnnì yìí ló ń sọ fún àláàmù pé bọ́nẹ́ẹ̀tì ti pa dé. Bí bọ́nẹ́ẹ̀tì kò bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tàbí bí omi bá bà á jẹ́, àláàmù á gbà pé ẹnì kan ti ṣí ọkọ̀. Ta ló da omi síbí?"

"Èmi ni," Má-fọwọ́-kàn-án dáhùn. "Mo ń fọ ẹ́ńjìnnì."

"Ta ló pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé?"

"Èmi náà ni. N kì í gbá a mọ́lẹ̀, kí ọ̀dà rẹ̀ má baà bó. Mo máa ń rọra tẹ́ ẹ sílẹ̀ ni."

"Bí ọmọ ìkókó."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dáa. Àláàmù yín kò purọ́ o. Ọkọ̀ ní òun ṣí sílẹ̀, òótọ́ ló sì sọ. Ẹ̀yin lẹ ò pa á dé."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó tún yára gbé e mì. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà lóòótọ́.

Òǹtàwé ń fi ọwọ́ di ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú láyà. "Dókítà ní kí ìyàwó mi máa sùn lọ́sàn-án," ó ní. "Bí ariwo yìí bá ti bẹ̀rẹ̀, á ta jí. Mo rí i láti ojú fèrèsé pé bọ́nẹ́ẹ̀tì kò dé. Lọ́jọ́ kan tí o kò tètè jáde, mo wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún ọ, àbúrò. Mo kí ọ ká lè jọ sọ ọ́. O ò dáhùn."

Ojú ti Má-fọwọ́-kàn-án débi pé kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun. Ẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn fún mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín rán an."

"Ṣẹ́ẹ̀tì ṣeé rán," òǹtàwé dáhùn. "Igbe tí o ké yẹn ńkọ́? Etí mélòó lo fẹ́ lọ yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀?" Ó kọjá títì, ó mú ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n wọlé.

Riwáyà pààrọ̀ bọ́tìnnì náà, kò sì pẹ́ rárá. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ kò ké mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan tó wá ra ìwé fa àpò rẹ̀ mọ́ra nígbà tí òǹtàwé sún mọ́ ọn. Má-fọwọ́-kàn-án ń kọjá lọ, ó rí i. Ó dùn ún dénú egungun.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé. "Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ṣìṣe. Kì í ṣe olè." Ó fi ọkọ̀ kó páálí ìwé lọ sílé-ìwé, páálí sì ha àga lóòótọ́, kò sọ nǹkan kan. Òǹtàwé ti ń dá a lóhùn báyìí. Síbẹ̀, àwọn tó gbọ́ "Olè!" lọ́jọ́ yẹn pọ̀ ju àwọn tó tíì gbọ́ "Mo ṣìṣe" lọ.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ ká fi tirẹ̀ ṣe àríkọ́gbọ́n. Bí àláàmù ọkọ̀ yín bá ń ké láìnídìí, ara ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì àti búùtù dé dáadáa, kí ẹ sì rí i pé gbogbo ilẹ̀kùn wọlé. Ẹ má da omi sí ẹ́ńjìnnì. Aṣọ tútù tí a fún dáadáa tó láti nù ún, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù. Bátìrì tó ti rẹ̀ náà lè fà á, rìmóòtù tí nǹkan ń tẹ̀ nínú àpò náà lè fà á. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín gé wáyà, nítorí iná lè ṣẹ́ yọ. Bí ẹ kò bá rí ìdí rẹ̀, ẹ gbé e lọ fún riwáyà kíákíá, nítorí ọkọ̀ tó bá ń ké lójoojúmọ́, ọjọ́ tí olè bá dé gan-an, kò sẹ́ni tí yóò yọjú.

Bí ẹ bá sì fura sí ènìyàn, ẹ bi í léèrè. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ pe ọlọ́pàá. Ẹ má pe ogunlọ́gọ̀. Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lo oògùn kọjá ìwọ̀n, á fi pa ara rẹ̀ tàbí kí ó fi pa aládùúgbò rẹ̀.

Ọkọ̀ tó bá ké láìnídìí, riwáyà á tún un ṣe. Ẹni tó bá ké "Olè!" láìnídìí, kò sí riwáyà tó lè bá a tún ìyẹn ṣe.