Iye Ìgbà Tí Kọ̀ǹpútà Náà Dún

Kò sí àbùmọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀sán gangan ló ṣẹlẹ̀. Oòrùn ń ràn wọlé láti ojú fèrèsé. Ẹni tó bá ń retí òru àti òkùnkùn, kò sí èyí tí màá fún un.

Àwòrán ilé ni obìnrin náà ń yà. Ọdún mẹ́jọ ló fi ṣe é lábẹ́ ọ̀gá kan tí kò lójú àánú. Ọjọ́ tó fiṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní, "Kí oṣù yìí tó parí, wàá padà wá bẹ̀ mí." Inú bí i. Ó kó ìwé rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ tí dókítà kan fi sọ pé òun fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn. Àwòrán tó bá dé ọwọ́ òun kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó lù ni òun máa wò, èyí tó bá pẹ́, kó máa lọ. Ọ̀gá àtijọ́ yìí náà ń du iṣẹ́ náà. Bí obìnrin náà bá pàdánù iṣẹ́ yìí, kò sí òmíràn nílẹ̀, àfi kó padà lọ bẹ ọkùnrin náà lóòótọ́. Ó ku àtẹ̀gùn àti òrùlé kí àwòrán tirẹ̀ parí.

Kọ̀ǹpútà tó máa fi parí rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tò ó. Díẹ̀díẹ̀ ló ra ẹ̀yà ara rẹ̀, tó ń kó o sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aago méjìlá ọ̀sán Sátidé yẹn ló de síkúrù tó kẹ́yìn. Ó tẹ bọ́tìnnì. Fáànù inú rẹ̀ yí. Iná kékeré kan tàn. Ó sì dún.

Pí. Pí.

Fáànù dúró. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú. Yàrá pa lọ́lọ́.

Ó ṣí ìwé tí wọ́n fi sínú páálí rẹ̀. Ìwé ní bó bá dún lẹ́ẹ̀kan, kò sí wàhálà. Bó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, mẹ́mórì ni kò jókòó dáadáa. Ó yọ mẹ́mórì, ó nù ún, ó dá a padà sáyè rẹ̀. Pí. Pí. Ó gbé e sí ihò kejì. Pí. Pí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń tún fíríìjì ṣe, yọrí wọlé.

"Olóríkunkun, ó ti tàn?"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ yéé pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹ wá bá mi tan tọ́ọ̀ṣì sínú ẹ̀."

Ó wọlé, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Obìnrin náà tẹ bọ́tìnnì.

Pí. Pí. Pí.

"O tún ti bà á jẹ́ sí i nìyẹn," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

Ìwé ní mẹ́ta, káàdì tó ń gbé àwòrán síta ni. Ó yọ káàdì, ó dá a padà. Ìyá wọn gbé omi wọlé, ó dúró tì wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló dún. Ìwé ní mẹ́rin, bátìrì ni. Ìyá wọn jáde. Obìnrin náà kò tíì fọwọ́ kan bátìrì tó fi tún bọ́tìnnì tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí bọ́tìnnì.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wọlé."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin.

"Ẹ jáde."

Ẹ̀ẹ̀mẹta.

"Kí lò ń tì mí síwá tì mí sẹ́yìn fún?" ìyá rẹ̀ béèrè láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin náà, ẹ tẹ̀ lé wọn."

Ẹ̀ẹ̀mejì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. "Ó ń kà wá ni!" Ẹ̀rín náà kò dénú. Ó wo yàrá yíká. "Ìwọ nìkan ló wà ńbẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ló dún."

"Mo gbọ́, Bọ̀ọ̀dá."

Obìnrin náà wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó gbọn kọ́tìnnì. Bàtà àtijọ́ àti páálí òfìfo ló rí. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Pí. Pí.

Ó jáde bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó mú igi gígùn tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀, ó nà án gba ẹnu ọ̀nà, ó fi orí rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá.

Pí.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Fáànù ń yí lọ wẹ́rẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà là, ó mọ́ rekete, ó kọjú sí àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé. Àwọn mẹ́ta dúró, wọ́n ń wò ó. Obìnrin náà gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Kọ̀ǹpútà kú fin-ín.

"Ọmọ mi, jáde," ìyá rẹ̀ wí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. "Fi sílẹ̀ fún un."

"Fún ta ni?"

Ìyá rẹ̀ tọ́ka sí àga náà.

"Èmi ni mo rà á, Màámi. Èmi ni mo tò ó. Ta ni kí n fi sílẹ̀ fún?"

"Pe ọ̀gá ẹ," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kó o lo tiwọn fún ọ̀sán yìí nìkan."

"Kàkà kí n bẹ ọkùnrin yẹn, màá jókòó ti ohun yòówù tó wà níbẹ̀."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù bà á, kí n má parọ́. Àga kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá náà. Ó jókòó sí àárín rẹ̀ gbalaja. Kò mọ ibi tó yẹ kó kọjú sí, nítorí náà ó bá ojú kọ̀ǹpútà tó dúdú sọ̀rọ̀.

"Gbọ́. Ọdún mẹ́jọ ni ẹnì kan fi jẹ gàba lé mi lórí. Mo kúrò lọ́dọ̀ ìyẹn, n ò sì ní bọ́ sọ́wọ́ tìẹ. Ilẹ̀kùn nìyẹn bó o bá fẹ́ jáde. Bó ò bá fẹ́, dákẹ́ kí n ṣiṣẹ́. Èmi ò jáde."

Ó tẹ̀ ẹ́. Pí. Pí. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Pí. Pí. Ìgbà mọ́kànlá ló tẹ̀ ẹ́, ìgbà mọ́kànlá ló dún lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìkejìlá, fáànù yí, ó yí pẹ́, kò sì tíì dún. Afẹ́fẹ́ inú yàrá dúró sójú kan.

Pí.

Ó ń retí èkejì. Èkejì kò wá. Ojú kọ̀ǹpútà là.

Ó ṣiṣẹ́. Àtẹ̀gùn tó máa ń gbà á ní wákàtí méjì, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi yà á, ìlà kan kò sì wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò yá tó báyìí rí. Kò wẹ̀yìn. Kò wo ẹ̀gbẹ́. Nígbà tó parí òrùlé, ó kó gbogbo rẹ̀ sórí fíláàṣì, ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn.

Ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà níbi tó fi wọ́n sí.

"Ó ti parí?"

"Ó ti parí."

"Ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbọ́ gbẹ̀yìn," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Ẹ̀ẹ̀kan ni."

"A jẹ́ pé ó ti lọ nìyẹn." Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Àbí..."

Ìyá wọn na ọwọ́ láti fọwọ́ kàn án, ọwọ́ náà sì dúró ní agbede méjì.

Ohun tí wọn kò lè sọ, òun náà ti ń rò ó láti ìgbà tó ti ń ya àtẹ̀gùn. Ó gbé fíláàṣì sókè kí wọ́n lè rí i.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Aago mẹ́ta àbọ̀ ti lù. Èyí tó wù kí kọ̀ǹpútà kà nínú èmi àti ohun yẹn, òun náà ló ń gbé àwòrán lọ fún dókítà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí wọ́n dé ìdí mọ́tò, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣí fún un. Obìnrin náà wò ó. Ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn padà, ó ṣí ti iwájú, ó wọlé, ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.