Ọkùnrin Tó Ń Tan Iná Lọ́sàn-án

Ọ̀sán gangan ni mànàmáná kọ lójú Saidat, òjò ò sì ṣú. Ó ń gba inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan kọjá ní Yábàá, àpò fọ́tò tó fẹ́ lọ fi jíṣẹ́ wà lábíyá rẹ̀, ni ìmọ́lẹ̀ funfun kan bá bù yẹ̀rì lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tó máa fi ṣẹ́jú tán, ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tó tẹrí ba sórí kámẹ́rà olójú méjì tó gbé kọ́ àyà, bí ẹni tó ń wo inú kànga. Ọmọbìnrin kan tó wọ gáùnù akẹ́kọ̀ọ́ dúró níwájú rẹ̀, ó kẹ̀yìn sóòrùn. Fláàṣì ńlá kan wà lọ́wọ́ òsì ọkùnrin náà. Òòrùn ọjọ́ yẹn le débi pé àwọn ajá ń wá abẹ́ ọkọ̀ sá sí.

Ọmọ onífọ́tò ni Saidat. Láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti fi òfin kan kọ́ ọ: onífọ́tò ni kó kẹ̀yìn sóòrùn, ẹni tí wọ́n ń yà ni kó kọjú sí i. Èyí tó ń wò yìí ti dorí gbogbo rẹ̀ kodò. Kò lè pa á mọ́ra.

"Brọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òòrùn tí Ọlọ́run dá ò tó yín ni?"

Ọkùnrin náà ò gbójú sókè. "Ó tó mi, àǹtí. Ó ti pọ̀ jù ni. Mo fẹ́ bá Ọlọ́run dín in kù díẹ̀."

"Ẹ fẹ́ dín òòrùn kù, ẹ wá ń tan iná sí i?"

Ìgbà yẹn ló tó gbójú sókè. Ó wò ó, ó sì gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Saidat dúdú, ó ń dán, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀ nítorí ó rò pé òun ti borí.

"Ẹ wá dúró síbí," ni ọkùnrin náà wí. "Tí mo bá la ojú kámẹ́rà yìí, tí mo sì yára pa á dé wàrà, òòrùn ò ní ráyè wọlé tán. Ṣùgbọ́n fláàṣì yá ju ìyẹn lọ. Kí ojú ẹ̀ tó pa dé, iná ti bà yín lójú, ó ti wọlé. Ojú ọ̀run á ṣókùnkùn, ojú tiyín á mọ́."

Saidat dúró. Ó ti ṣe tán láti fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí dé ilé. Kámẹ́rà náà dún "tín", iná bù, ó sì parí.

Àbdùlsàmàd lorúkọ rẹ̀, Sàmàdù ni gbogbo ènìyàn ń pè é, Sùúrùlérè ló ń gbé. Ẹni tó ń bá a fọ fíìmù ti kó kúrò ládùúgbò. "Bàbá mi ń fọ̀ ọ́," ni Saidat wí. "Ẹ béèrè Yẹ̀kínnì Fọ́tò ní Múṣín, lójú ọ̀nà Ládìpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún wọn pé ẹ̀ ń tan iná lọ́sàn-án o. Wọ́n á lé yín."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín: Saidat kì í júwe ilé fún ọkùnrin. Ìparí ọdún 1990 nìyẹn, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, kò sì tíì ṣe irú ẹ̀ rí.

Iṣẹ́ Saidat ní ìsọ̀ bàbá rẹ̀ ni kó fi pẹ́ńsùlù ṣóńṣó tún ojú àwọn oníbàárà ṣe lórí fíìmù. Òòrùn ni kì í jẹ́ kí ojú wọn jọ ojú. Gbogbo wọn á fajú ro, wọ́n á dijú, iwájú orí á rún bí aṣọ tí wọn ò lọ̀. Saidat ni yóò máa na ìrunjú náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí fíìmù Sàmàdù dé ọwọ́ rẹ̀, ó gbé pẹ́ńsùlù, kò rí ibi tó máa fi kàn. Ojú ọ̀run ṣú lẹ́yìn ọmọbìnrin inú fọ́tò bí ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, ojú ọmọbìnrin náà sì là kedere. Òun fúnra rẹ̀ ni. Kò rí ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí nínú fọ́tò. Ó jókòó tì í títí tí bàbá rẹ̀ fi pè é lẹ́ẹ̀mejì.

Sàmàdù bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́jọ́ Túsìdeè. Nígbà tó yá, ó ń wá lọ́jọ́ Túsìdeè àti Tọ́sìdeè. Nígbà tó tún yá, ó ń wá láìmú fíìmù dání.

"Brọ̀dá Sàmàdù, kí lẹ gbé wá lónìí?"

"Ẹsẹ̀ mi méjèèjì, adúmáadán mi. Ṣé wọn kì í fọ ìyẹn níbí?"

"Ẹ lọ sídìí ẹ̀rọ omi."

Ẹ̀rín nìyẹn ní gbangba. Ṣùgbọ́n tí Sàmàdù bá ti lọ, ìrònú á gbé Saidat lọ, ohun tó sì fà á kò ṣeé sọ fún Sàmàdù.

Ojú Bàbá Yẹ̀kínnì ti ń bàjẹ́ láti ọdún mẹ́ta. Ẹyin ojú rẹ̀ ti rí bí omi ìrẹsì. Saidat ló ń wo inú kámẹ́rà fún un, bí ẹni tó kàn ń nu eruku rẹ̀. Tí gbogbo nǹkan bá ti gún, á rọra fọwọ́ kan èjìká bàbá rẹ̀, bàbá á tẹ̀ ẹ́, oníbàárà á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá. Wọn ò jọ sọ ọ́ rí láàárín ara wọn. Ìyá Saidat ti kú, kò sì sí ẹlòmíràn nílé. Tí ó bá relé ọkọ, ta ni yóò fọwọ́ kan èjìká náà? Ìbéèrè yìí ni kì í jẹ́ kó sùn dáadáa. Ó fẹ́ràn Sàmàdù, ìfẹ́ yẹn sì ń dẹ́rù bà á.

Ní oṣù kẹta, Sàmàdù dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá Yẹ̀kínnì. Bàbá gbọ́ ọ títí ó fi sọ tán.

"Ìwọ kọ́ ni wọ́n ní ó ń tan fìtílà lọ́sàn-án?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Níbi tí mo ti wá, ẹni tí orí ẹ̀ dàrú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀." Bàbá tún jókòó dáadáa. "Ẹ̀gbọ́n mi Síkírù àti àbúrò mi Ọládèjì ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú fún ìtúnu ààwẹ̀. Wá ya àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́sàn-án, kí o kẹ̀yìn wa sóòrùn bó ṣe wù ọ́. Tí ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yọ, kí àwọn ẹbí rẹ wá. Tí ìkan ò bá yọ, má tún gba iwájú ilé mi kọjá mọ́."

Gbogbo ààwẹ̀ yẹn, Saidat kì í gbàdúà kó má dárúkọ fláàṣì.

Ọjọ́ kejì ìtúnu, òòrùn mú. Sàmàdù dé, ó wọ búbá funfun, kámẹ́rà tuntun kan sì ń dán lọ́rùn rẹ̀. Saidat fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Olójú méjì yín ńkọ́?"

"Rilwan ọ̀rẹ́ mi ló yá mi ní èyí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé. Ṣé kámẹ́rà ògbólógbòó yẹn ni kí n gbé wá síwájú àwọn àna mi ni?"

Àwọn àgbàlagbà mẹ́ta ti tò, agbádá wọn ń ṣẹ́ yẹ́rí, òòrùn wà lẹ́yìn wọn. Bàbá Yẹ̀kínnì wà ní ìparí lápá ọ̀tún. "Gbàkà!" ni kámẹ́rà tuntun dún, iná sì bù. Bàbá Yẹ̀kínnì yí orí padà díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan.

Saidat fúnra rẹ̀ ló fọ fíìmù náà lọ́sàn-án yẹn, ó sì ki bébà fọ́tò bọ inú omi lábẹ́ gílóòbù pupa. Ojú Bàbá Síkírù yọ, ó dára, gbogbo eyín ló hàn. Ojú Ọládèjì yọ. Ó dúró de ìkẹta. Ó mi omi náà, ó tún mi ín. Agbádá bàbá rẹ̀ yọ, fìlà yọ, ṣùgbọ́n ojú tó wà láàárín wọn dúdú bí èédú.

Kó tó rí ibi tó máa fi í pamọ́ sí, Bàbá Síkírù ti kan ilẹ̀kùn. Ó gba fọ́tò náà, ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà.

"Yẹ̀kínnì, ọmọ yìí ti fi ọ́ sínú òkùnkùn. Àmì burúkú rèé! Ẹni tó fẹ́ di àna, tó ń ya àna lókùú!"

Gbogbo wọn wo Bàbá Yẹ̀kínnì. Ó tẹrí ba. "Ọlọ́run ti bá wa sọ ọ́," ló wí.

Saidat ò sunkún níwájú wọn. Ó gbé fíìmù náà lọ sójú fèrèsé. Ó wò ó bó ṣe ń wo ti àwọn oníbàárà, ó sì rí i pé láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni ìlà kan là á, tó gún réré. Iná kún apá kan, kò sí rárá ní apá kejì. Ṣé àmì Ọlọ́run máa ń lo rúlà ni? Ó da ìborùn bo orí, ó wọ mọ́tò, ó di Sùúrùlérè.

Sàmàdù ti gbọ́ ìròyìn, ojú rẹ̀ pọ́n. Saidat na fíìmù sí i. "Ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà yẹn kí o tẹ̀ ẹ́ kí n rí i," ló wí. Ìbínú ti jẹ́ kó gbàgbé "ẹ".

Sàmàdù ṣí i, ó tẹ̀ ẹ́. Àwọn méjèèjì rí i: àlàfo tóóró kan sáré kọjá láàárín aṣọ dúdú méjì. Sàmàdù di orí mú.

"Aṣọ ni èyí ń lò! Tí eré ẹ̀ bá yá tó bẹ́ẹ̀, aṣọ kejì kì í dúró kí ti àkọ́kọ́ rìn tán. Iná ti bù, ó ti kú, àlàfo ò tíì dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Àárín ni ti olójú méjì ti ń là, gbogbo ẹ̀ ló ń là pọ̀. Saidat, mo gbọ́ ọ rí. Ìtìjú ni mo jẹ́ kó gbé mi lọ. Dárí jì mí."

Nǹkan mìíràn ti wá sí Saidat lọ́kàn: bàbá rẹ̀ yí orí padà nígbà tí kámẹ́rà yẹn dún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti kọrí sílé.

Ó bá bàbá rẹ̀ nínú ìsọ̀, òun nìkan. Ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ gbọ́ ìró kámẹ́rà yẹn."

Bàbá na ọwọ́ wá èjìká rẹ̀.

"Mo gbọ́ ọ. Ogójì ọdún ni mo fi ń gbọ́ wọn. Olójú méjì kì í dún ju 'tín' lọ. Bí ìyẹn ṣe dún gbàkà ni mo ti mọ̀ pé aláṣọ ni, ojú wa ò ní yọ tán."

"Ẹ sì dákẹ́."

"Mo dákẹ́. Ẹ̀rù ló bà mí, Saidat. Ojú rẹ ni mo fi ń ríran, mi ò fẹ́ dá a padà. Tó o bá lọ, gbogbo ayé á mọ̀ pé Yẹ̀kínnì Fọ́tò ti fọ́jú."

Saidat sunkún nígbà yẹn. Inú bí i sí bàbá rẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe é, kò mọ èyí tó pọ̀ jù. "Mi ò ní bá yín sọ ọ́ fún wọn," ló wí nígbẹ̀yìn. "Mi ò sì ní bá yín parọ́ ẹ̀ mọ́."

Títí ilẹ̀ fi mọ́, kò mọ èyí tí bàbá rẹ̀ máa ṣe. Bàbá Síkírù ti di ẹrù, ó ti wọ bàtà, ló tó gbọ́ ohùn Bàbá Yẹ̀kínnì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó. Irọ́ ni mo pa lánàá. Kò sí àmì kankan. Ọmọ náà lo kámẹ́rà tí kò yẹ, mo gbọ́ ọ, mo sì dákẹ́, torí mi ò fẹ́ kí Saidat lọ. Mi ò ríran mọ́. Ọdún mẹ́ta rèé tí ọmọ yìí ti ń bò mí láṣìírí."

Bàbá Síkírù la ẹnu sílẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó wá jókòó ti àbúrò rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Sàmàdù. Olójú méjì ló gbé wá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àforíjì, Bàbá sì ní kó dìde kí òòrùn má baà lọ. Wọ́n tò, wọ́n kẹ̀yìn sóòrùn. "Tín." Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́.

Lábẹ́ gílóòbù pupa, ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọ. Ojú Bàbá Yẹ̀kínnì là sílẹ̀, iná sì ti jẹ́ kí funfun inú rẹ̀ hàn gbangba. Saidat ti mú pẹ́ńsùlù, ó fẹ́ lọ bò ó lórí fíìmù, ni bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lo rí?"

"Gbogbo yín, Bàbá. Ojú yín náà hàn bó ṣe rí."

"Má tún un ṣe. Jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú bẹ́ẹ̀."

Àwọn ẹbí Sàmàdù wá. Sàmàdù gba yàrá sí òpópónà kejì, ó sì kó iṣẹ́ rẹ̀ wá sí ìsọ̀ Múṣín, kí Saidat má baà jìnnà. Bàbá náà gbà láti lọ fi ojú rẹ̀ han dókítà lẹ́yìn ìgbéyàwó.

Ní oṣù kẹjọ, wọ́n so yìgì wọn ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Àlùfáà béèrè ẹni tó ń fi ọmọ fún ọkọ, Bàbá Yẹ̀kínnì sì dìde. Saidat gbéra láàárín àwọn obìnrin kó lọ dì í mú, ló bá rántí ìlérí rẹ̀ pé òun ò ní bò ó mọ́, ó padà jókòó.

"Èmi ni," ni Bàbá wí, ó na ọwọ́ síwájú. "Níbo lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà wà? Ẹ má bínú, ẹ̀yin èèyàn, mi ò ríran."

Gbogbo mọ́ṣáláṣí gbọ́ ọ. Ẹnì kan ò rẹ́rìn-ín.

"Èmi rèé, Bàbá," ni Sàmàdù wí, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ sínú ọwọ́ àgbàlagbà náà.

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. "Ẹyinjú mi ni mo fún ọ yìí."

"Mo gbà á," ni Sàmàdù wí.